Ẹ má bi Lara léèrè, àwọn ajubọ́ọ̀lù ni kẹ́ ẹ bi

Èrò ọkàn mi rèé. Ẹni tó bá rò pé mo ṣì í, kó wá já mi.

Àwa tá a fẹ́ràn kírikẹ́ẹ̀tì ní àṣà kan tó máa ń bí mi nínú. Bí oníbátì, ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, bá kó rọ́ọ̀nù, ìyẹn àmì ayò, jọ pelemọ, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wá pàdánù, a ó ní kò parí iṣẹ́. Àwọn kan tiẹ̀ ń pè é ní rọ́ọ̀nù òfìfo. Òfìfo báwo? Rọ́ọ̀nù kì í lé ẹnikẹ́ni jáde. Nínú Test, eré ọlọ́jọ́ márùn-ún, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ borí ní láti lé ogún oníbátì jáde, mẹ́wàá nínú innings àkọ́kọ́, ìyẹn ìgbà tó kan ẹgbẹ́ kejì láti gbá, mẹ́wàá nínú ìkejì, àfi bí àwọn yẹn bá fúnra wọn sọ pé ó tó. Iṣẹ́ ajubọ́ọ̀lù, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí oníbátì, nìyẹn.

Ẹ wo Brian Lara, oníbátì West Indies, ní Sri Lanka, ìparí ọdún 2001. Test mẹ́ta ni wọ́n ta. Ní Galle, ó kó 178 àti 40. Ní Kandy, 74 àti 45. Ní pápá SSC ní Colombo, 221 àti 130. Ẹ rò ó pọ̀: 688. West Indies pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún rọ́ọ̀nù tí ẹgbẹ́ náà kó níbẹ̀, nǹkan bíi 42 ló wá láti ọwọ́ ọkùnrin kan ṣoṣo. Muttiah Muralitharan, ajubọ́ọ̀lù Sri Lanka tó ń yí bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ta òkòtó, ni Lara sì ń dojú kọ. Lara kì í dúró de bọ́ọ̀lù náà kó yí tán. Ọwọ́ Murali ló ń wò kí bọ́ọ̀lù tó kúrò níbẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ lọ pàdé rẹ̀.

351 tó kó ní Colombo nìkan, kò tíì sí oníbátì tó kó jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Test tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Kí ló wá dé? Sri Lanka kó 627, wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án péré, ìyẹn oníbátì mẹ́sàn-án, ló jáde, wọ́n ní ó tó. Hashan Tillakaratne kó 204, kò sẹ́ni tó lè lé e jáde. Chaminda Vaas wá gba wíkẹ́ẹ̀tì 14 nínú ogún ti West Indies. Nígbà tó yá, rọ́ọ̀nù 26 péré ni Sri Lanka ń wá, wọn ò sì pàdánù wíkẹ́ẹ̀tì kankan kí wọ́n tó rí i. Kí ni Lara ì bá tún ṣe? Ṣé kó lọ ju bọ́ọ̀lù náà ni?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni ìyà tó wà nínú kéèyàn máa bátì pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ófà kan jẹ́ bọ́ọ̀lù mẹ́fà, tó bá parí, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jù láti ìhà kejì pápá. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í fẹ́ sá rọ́ọ̀nù kan nínú bọ́ọ̀lù mẹ́rin àkọ́kọ́, torí tí wọ́n bá sá ẹyọ kan, àwọn méjèèjì á pààrọ̀ ìhà, ìyẹn á sì gbé aláìmọ̀ọ́ngbá síwájú ajubọ́ọ̀lù. Méjì tàbí mẹ́rin ló ń wá. Tó bá di bọ́ọ̀lù karùn-ún tàbí ìkẹfà, ìgbà yẹn ló máa sá ẹyọ kan, kó lè jẹ́ òun náà ni yóò kojú ófà tó kàn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ kejì mọ èyí. Á kọ́kọ́ tú àwọn èèyàn rẹ̀ ká sí etí pápá, bíi pé ó ń fi rọ́ọ̀nù kan tọrẹ. Tó bá ku bọ́ọ̀lù méjì, á pè wọ́n wọlé kí ẹyọ kan má baà ṣeé sá. Kí ló wá kù fún oníbátì? Kó gbá a sókè. Ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń há a kó tó balẹ̀, oníbátì á sì jáde.

Chennai, January 1999. Test ni, India sì ń wá rọ́ọ̀nù 271 kí wọ́n lè borí Pakistan. Wọ́n wà ní 82, èèyàn márùn-ún ti jáde. Sachin Tendulkar àti Nayan Mongia gbé e dé 218 kí Mongia tó lọ. Ẹ̀yìn Tendulkar ti ń ro ó gan-an. Ní 254, nígbà tó ku 17, ó gbá bọ́ọ̀lù tí Saqlain Mushtaq jù sókè, Wasim Akram sì há a. Ó ti kó 136. Wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta tó kù kó rọ́ọ̀nù mẹ́rin péré, gbogbo wọn jáde ní 258. Ẹnì kan á ní ìdí tó fi yẹ kó ní sùúrù gan-an nìyẹn. Ó dáa, ṣùgbọ́n sùúrù nínú kírikẹ́ẹ̀tì, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sá a. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, èyí tó bá gbá kọjá etí pápá nìkan ni kò ní sá.

Carlos Brathwaite nìkan ni mo bá wí díẹ̀. Manchester, 22 June 2019, Ife Àgbáyé, níbi tí ófà àádọ́ta péré ti wà fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. West Indies ń wá 292 lọ́wọ́ New Zealand, wọ́n wà ní 164, èèyàn méje ti lọ. Ó kó 101 nínú bọ́ọ̀lù 82, ó kó 25 nínú ófà kan ṣoṣo tí Matt Henry jù. Ó wá ku rọ́ọ̀nù mẹ́fà, bọ́ọ̀lù méje, wíkẹ́ẹ̀tì kan. Bọ́ọ̀lù tó gbẹ̀yìn ófà 49 lèyí. Ẹyọ kan péré ì bá gbé e lọ kojú ófà tó kù: márùn-ún nínú bọ́ọ̀lù mẹ́fà. Ó gbá a lọ sókè, Trent Boult há a létí okùn. Rọ́ọ̀nù márùn-ún ni wọ́n fi pàdánù.

Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan nínú gbogbo wọn, Andy Flower ni mo mú, Harare, September 2001. South Africa kó 600, èèyàn mẹ́ta péré ló jáde. Flower ló ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn igi wíkẹ́ẹ̀tì, tó ń mú bọ́ọ̀lù fún Zimbabwe, ní gbogbo àkókò yẹn. Ó kó 142 nínú 286 tí wọ́n rí lákọ̀ọ́kọ́. Nínú ìkejì ó kó 199, wọn ò rí i lé jáde, ẹni tí wọ́n jọ ń gbá a ló tán. 341 nínú 677 rọ́ọ̀nù tí ẹgbẹ́ náà kó, ju ìdajì lọ. South Africa fi wíkẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án borí.