Ẹ dá ìyá ọmọ lóhùn

Ọ̀rọ̀ yìí kì í pẹ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹnìkan á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, wọ́n á sì gbé e láti Tàkìé dé Wàzò kí ilẹ̀ tó ṣú: abẹ́rẹ́ èéyi ló ń fún ọmọ ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ipò ọpọlọ tó lè mú kó ṣòro fún ọmọ láti sọ̀rọ̀ tàbí láti bá ènìyàn ṣe pọ̀, ọmọ tó ti ń pe “màámi” á kàn dákẹ́.

Irọ́ ni, a kò fepo bọyọ̀. Irọ́ tó ní ọjọ́ orí sì ni. Ní 1998, Andrew Wakefield, dókítà ní Britain, kọ ọ̀rọ̀ nípa ọmọ 12 péré sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet, ó sì fi ìfura sára abẹ́rẹ́ tó ń dènà èéyi, ṣegede àti rubella (àìsàn ara sísú kan tó jọ èéyi) pọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló hàn pé agbẹjọ́rò tó fẹ́ pe àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ náà lẹ́jọ́ ti ń sanwó fún un. Ní 2010, The Lancet fa ìwé náà yọ, àwọn aláṣẹ ìṣègùn ní Britain sì gba ìwé àṣẹ dókítà lọ́wọ́ Wakefield. Ìwádìí Denmark tó jáde ní 2019 tọpasẹ̀ ọmọ tó lé ní 650,000. Ọ́tísíìmù kò pọ̀ láàárín àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà ju àwọn tí kò gbà á lọ.

Kí ló dé tí ìyá fi ń gbà á gbọ́? Ojú rẹ̀ ló ṣe. Oṣù mẹ́sàn-án ni ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ èéyi àkọ́kọ́, oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àárín ọdún kan sí méjì náà ni òbí sábà máa ń rí i pé wọ́n pe ọmọ lórúkọ, kò wẹ̀yìn. Àkùkọ kọ, ilẹ̀ mọ́. Àkùkọ kọ́ ló mú ilẹ̀ mọ́.

A kò ní tìtorí èyí bá àwọn ìyá wí. Wọ́n ní ìdí láti fura: oògùn tí ilé-iṣẹ́ Pfizer dán wò lára àwọn ọmọ ní Kano ní 1996 kì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára, ṣùgbọ́n ta ló gbàgbé? Àwọn elétò ìlera gan-an la fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan nílùú yìí, a rí ìyá kan tó pọn ọmọ oṣù mẹ́sàn-án wá. Ó fi ọ̀rá wé káàdì ọmọ náà kí òógùn má baà kàn án. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò ní ṣe nǹkan fún ọpọlọ ọmọ mi?” Nọ́ọ̀sì kò gbójú sókè. “Ìyá ọmọ, ṣé o fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?” Lẹ́yìn náà ló ní kó máa lọ, kó padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ọmọ kò tíì pé.

A mọ ìdí. Ìgò kan wà fún ọmọ mẹ́wàá; bí wọ́n bá ti pò ó, wákàtí mẹ́fà ló ní, ìyókù á di dídànù. Nọ́ọ̀sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má bi í léèrè òfò. Ṣùgbọ́n ìyá tó san owó ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n dá padà lẹ́ẹ̀mejì, kí ni WhatsApp fẹ́ sọ fún un tí kò ní wọ̀ ọ́ létí?

Kí ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá àti Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ pàṣẹ kí wọ́n máa ṣí ìgò náà, ì báà jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló wá. Kí wọ́n sì dáhùn. Kò gba ìṣẹ́jú méjì: ara ọmọ lè gbóná, ó lè sú wẹ́wẹ́ ní bí ọjọ́ méje sí méjìlá, á sì lọ; bí gìrì bá mú un, ẹ gbé e wá kíá. Èéyi fúnra rẹ̀ ló ń fọ́ ọmọ lójú, tó sì ń pa á.

Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù lóòótọ́ ni ariwo yìí bò mọ́lẹ̀ jù. Wọ́n á ní abẹ́rẹ́ ni, wọ́n á ní ayé ni, ọdún á máa gorí ọdún, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí yóò ṣe sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Bí ìyá bá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí nọ́ọ̀sì pe orúkọ ọmọ náà, kó wò ó bóyá yóò wẹ̀yìn. Bí kò bá wẹ̀yìn, kó kọ lẹ́tà fún ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn olùkọ́ni LAUTECH.

A bi ìyá ọjọ́ yẹn bóyá yóò padà wá. Ó ní òun ò mọ̀. Ó tún ọ̀já ọmọ rẹ̀ so, ó ki káàdì bọ inú ọ̀rá, ó ń na ọwọ́ sí ọ̀kadà.