Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Olówó Ńlá Kì í Sọ Ẹ́ńjìnnì Di Alágbára

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwa tí a fẹ́ràn ọkọ̀, pé asẹ́ afẹ́fẹ́ oníwèé tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní fíltà, ló ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn. Wọ́n ní bí a bá ti yọ ọ́, tí a fi èyí tí wọ́n fi òwú ṣe tí wọ́n sì fi ọ́ìlì pa lára rọ́pò rẹ̀, tàbí èyí tó rí ṣóńṣó tó ń dá dúró lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láìsí àpótí, ẹ́ńjìnnì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mí fàlàlà, agbára rẹ̀ yóò lé sí i, epo tó ń jẹ yóò sì dín kù. Èmi náà gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lónìí, mo fẹ́ sọ ọ́ láìfepo-bọyọ̀ pé fún ọkọ̀ tí a kò tíì tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe fún eré ìdíje, kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé owó nìkan kọ́ ni ẹni tó bá tẹ̀ lé ìgbàgbọ́ yìí lè pàdánù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí iye afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń gbà. Ká mú ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù onílítà 2 tí kò ní tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fipá ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ó gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀mejì kí gbogbo sílíńdà rẹ̀, ìyẹn àwọn ihò tí epo ti ń jó, tó gba afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà bí ó bá ń yí nígbà 6000 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi lítà 6000 lọ ní ìṣẹ́jú náà, ìyẹn lítà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó dà bí ẹni pé ìwé lásán kò lè gba irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ gbé asẹ́ oníwèé kan lọ́wọ́, kí ẹ wò ó dáadáa: ìwé inú rẹ̀ kì í ṣe pẹlẹbẹ, ṣíṣẹ́ ni wọ́n ṣẹ́ ẹ po lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Bí asẹ́ kan bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 20, tó ní ìṣẹ́po 60, tí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan sì jìn ní sẹ̀ǹtímítà 4, ìwé náà yóò gùn ní mítà 4.8 bí a bá nà án tán sórí ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ lítà 100 tó ń gba ojú ìwé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kọjá kò rìn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọmọ tó ń rákò yára jù ú lọ. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń sá eré àsápajúdé la sì fi ṣe ìṣirò yìí, kì í ṣe ìrìn ojoojúmọ́.

Ọ̀nà wà tí ojú lè gbà rí i pẹ̀lú. Bí a bá so rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn asẹ́, tí a tẹ rọ́bà náà po kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kọjú sókè, tí a sì bu omi díẹ̀ sí i, bí asẹ́ bá ṣe ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ tó ni ẹ́ńjìnnì yóò ṣe fa omi náà sókè lápá kan tó. Ipá tí afẹ́fẹ́ ayé fi ń tẹ gbogbo nǹkan létí òkun tó láti gbé omi ró ní gíga mítà 10 àti díẹ̀. Asẹ́ oníwèé tó mọ́ kì í sábà mú kí omi inú rọ́bà náà sún ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, kódà bí a tẹná dé ilẹ̀. Ká tilẹ̀ ṣe é ní àṣejù, ká ní ó sún ní sẹ̀ǹtímítà 10, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá ju asẹ́ nù pátápátá, tí ẹ́ńjìnnì la ẹnu sílẹ̀ gbayawu, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ ni yóò fi lé sí i. Asẹ́ tuntun, bó ti wù kó gbówó lórí tó, asẹ́ náà ni; kò lè ju àìsí asẹ́ lọ. Mo ka kókó yìí sí ju gbogbo ìyókù lọ, nítorí òun ló fi ààlà sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣèlérí fún wa.

Bẹ́ẹ̀ ìdá kan yẹn pàápàá, ìgbà tí a bá tẹná mọ́lẹ̀ pátápátá nìkan ló wà. Lẹ́yìn asẹ́, ìlẹ̀kùn pẹlẹbẹ kan wà tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí tó sì ń tì. Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, ìlẹ̀kùn yìí ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí fífà ẹ́ńjìnnì lódì kejì rẹ̀ tó láti gbé omi sókè ní nǹkan bíi mítà 6. Ta ló wá ń fún ẹ́ńjìnnì lọ́rùn níbẹ̀? Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ni, ohun tó sì yẹ kó ṣe náà ni, nítorí bí a ṣe ń ṣàkóso ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù nìyẹn. Bí asẹ́ bá dí díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wulẹ̀ tẹ̀ síwájú díẹ̀ láìmọ̀, ìlẹ̀kùn á ṣí sí i, iye afẹ́fẹ́ kan náà á sì wọlé. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á wọn afẹ́fẹ́ náà, á sì fún un ní epo tó bá a mu, ìyẹn nǹkan bíi kílò epo 1 sí kílò afẹ́fẹ́ 14.7.

Ìdí nìyẹn tí àbájáde ìwádìí tí ilé ìwádìí Oak Ridge National Laboratory ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2009 kò fi yà mí lẹ́nu. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dí asẹ́ àwọn ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí epo wọn, wọ́n sì rí i pé àwọn ọkọ̀ náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ jẹ epo sí i ní ìwọ̀n tó ṣe é kà. Ọkọ̀ àtijọ́ oníkábúrétọ̀, èyí tí kọ̀ǹpútà kì í darí epo rẹ̀, nìkan ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀ nínú epo. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n pààrọ̀ asẹ́ tó dí sí èyí tó mọ́, àkókò tí ọkọ̀ fi ń gba eré dára sí i ní nǹkan bí ìdá 6 sí 11 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibí gan-an ni mo rò pé ìgbàgbọ́ náà ti ń jẹun. Ẹni tó bá ra asẹ́ olówó ńlá kì í yọ asẹ́ tuntun kúrò kó tó fi í sí i. Èyí tí eruku ti jẹ fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta ló ń yọ. Ọkọ̀ rẹ̀ á fà dáadáa ju ti àná lọ lóòótọ́, kò purọ́, àmọ́ asẹ́ oníwèé tuntun ìbá ti fún un ní ohun kan náà. Ohùn ẹ́ńjìnnì tún dá kún un. Àpótí asẹ́ tí ilé iṣẹ́ ṣe wà láti pa ariwo afẹ́fẹ́ tó ń wọlé mọ́lẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á máa bú bíi kìnnìún bí a ti ń tẹná, ara á sì gba ohun tí etí gbọ́ gẹ́gẹ́ bí agbára.

Àpótí yẹn ní iṣẹ́ mìíràn, èyí tí ọ̀pọ̀ kò kà sí. Ó ń gba afẹ́fẹ́ tútù láti iwájú ọkọ̀. Asẹ́ ṣóńṣó tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì láìsí ohun tó bò ó ń fa afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti yá. Bí afẹ́fẹ́ bá ti gbóná láti ìwọ̀n 25 dé 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á ti fẹ́lẹ́ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó ń wá ìdá kan a máa sọ mẹ́sàn-án nù báyìí.

Ohun tó ká mi lára jù lọ ni eruku. Òkúta wẹ́wẹ́ tó dá bí yanrìn ló pọ̀ nínú eruku ojú ọ̀nà, ó sì le ju irin tí wọ́n fi ṣe ògiri sílíńdà lọ. Hóró tó ń ṣe iṣẹ́ ibi kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Èyí tó tó nǹkan bíi mìlímítà 0.01 ni, bẹ́ẹ̀ irun orí wa nípọn tó mìlímítà 0.07. Irú hóró bẹ́ẹ̀ ló ń rọra wọ àárín ríìngì písítíìnì (òrùka irin tó yí ohun tó ń lọ sókè-sódò nínú sílíńdà ká) àti ògiri sílíńdà níbi tí ọ́ìlì tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí, tó ń ha wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀, títí ẹ́ńjìnnì á fi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọ́ìlì tó sì ń yọ èéfín. Kò ní ariwo, kò ní iná kankan tó ń tàn níwájú awakọ̀. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń dán asẹ́ wò ni ISO 5011. Ẹni tó bá fẹ́ ra asẹ́ gbọ́dọ̀ béèrè iye eruku tó ń mú lábẹ́ ìlànà yìí, kì í ṣe iye afẹ́fẹ́ tó ń gbà kọjá nìkan. Ká ní asẹ́ kan ń mú 99 nínú 100, tí èkejì ń mú 97. Lẹ́nu, ìyàtọ̀ wọn kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n eruku tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì lára èkejì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta.

Àwọn tí asẹ́ wọn ṣe é fọ̀ tún ní ewu mìíràn láti ṣọ́. Bí wọ́n bá da ọ́ìlì sí i jù lẹ́yìn tí wọ́n fọ̀ ọ́ tán, afẹ́fẹ́ lè gbé ọ́ìlì náà lé wáyà tín-ín-rín tó ń gbóná, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ iye afẹ́fẹ́ tó wọlé. Wáyà náà á dọ̀tí, ìwọ̀n á sì ṣìnà.

N kò sọ pé asẹ́ wọ̀nyí kò ní ibi tí wọ́n ti wúlò. Ẹ́ńjìnnì ìdíje tí wọ́n ti tú ṣe, tó ń gba afẹ́fẹ́ ju èyí tí ilé iṣẹ́ ṣírò fún lọ, tí wọ́n sì ń tẹná rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lè jèrè lára wọn. Àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa tú ẹ́ńjìnnì wọn palẹ̀ lóòrèkóòrè, èyí tí àwa yòókù kì í ṣe.

Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́ lè dán an wò fúnra rẹ̀. Kó ra asẹ́ oníwèé tuntun àti èyí tó wù ú, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn láìsọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ fún un, kó wá fi aago wọn àkókò tí ọkọ̀ fi kúrò ní eré 60 dé 100 kìlómítà ní wákàtí lórí ọ̀nà àdáni tó tẹ́jú, ní àlọ àti àbọ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Lẹ́yìn ẹgbẹ̀rún kìlómítà mélòó kan, kó tú ọ̀pá afẹ́fẹ́ tó wà láàárín asẹ́ àti ẹ́ńjìnnì, kó sì fi aṣọ funfun tó mọ́ nu inú rẹ̀. Bí aṣọ náà bá jáde bó ṣe wọlé, asẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ tí a torí rẹ̀ gbé e síbẹ̀. Bí ó bá jáde pẹ̀lú eruku tó ń ha ọwọ́, kó fi asẹ́ oníwèé tuntun síbẹ̀ kó tó tún ṣáná sí ọkọ̀ náà.