Ẹsẹ̀ Gìrìgìrì Nílé Ańjọ̀fẹ́

Níbi ìṣọ́ òru ìparí oṣù tó kọjá, ní ìjọ wa ní Ṣómólú, àga ò tó. Àwọn ọ̀dọ́ dúró dé ẹnu géètì, torí wọ́n ti kọ ọ́ sára pátákó pé físà àti iṣẹ́ la fẹ́ gbàdúrà lé lórí. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ìpàdé àdúrà lásán, a ò ju méje lọ, ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀ sì wà nínú méje ọ̀hún.

Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé Ańjọ̀fẹ́. Ańjọ̀fẹ́ kú, a ò rí ẹnìkan. Oúnjẹ wà, ilé kún. Oúnjẹ tán, ilé dá. Tiwa tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí Ọlọ́run tiwa ò kú.

Èmi náà ti jẹun nílé Ańjọ̀fẹ́ rí. Nígbà tí oyún àkọ́bí wa ń dààmú ìyàwó mi, aago mẹ́ta òru kì í bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí oríkì Ọlọ́run tí n ò kì. A sọ ọmọ lórúkọ tán, mo sùn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi sùn. Adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá ni Jésù wò sàn nínú Lúùkù orí 17, ará Samaríà kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́. Ẹ kà mí mọ́ àwọn mẹ́sàn-án.

Ìyá alákàrà kan wà ládùúgbò wa. Kílẹ̀ tó mọ́, bó ti ń bó ẹ̀wà nínú bàsíà, bẹ́ẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀: "Baba, ẹ̀wà yìí tún ti gbówó lórí o. Orúnkún mi fúyẹ́ díẹ̀ lónìí. Ọmọ onílé yìí ò tíì wọlé látàná o." Á dákẹ́, á da èèpo nù, á tún máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, kí lẹ ń tọrọ?" Ó wò mí. "Ta ló ń tọrọ? Mo ń kí I ni."

Súnmọ́ni là ń mọ ìṣe ẹni. Àwa tí a ń pe ẹni tó fi ọdún méjì jù wá lọ ní "ẹ̀yin", "kí a bọ̀wọ̀ fún orúkọ rẹ" là ń sọ fún Ọlọ́run, kì í ṣe "orúkọ yín". Bó ṣe wà nínú Bíbélì tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ nìyẹn, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Ẹni tó sún mọ́ni là ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ìwọ wá ń lo wákàtí méjì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lórí Third Mainland Bridge, ò ń bú dírẹ́bà dánfó, ò ń wo ìjà olójà lórí fóònù, o sì ń sọ fún pásítọ̀ pé o ò ráyè gbàdúrà. Nígbà tí ò ń fẹ́ ìyàwó rẹ, ṣé ohun tí o fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lo máa ń kọ sínú ìwé lọ bá a? Físà á jáde, wàá dáṣọ ẹbí, a ó jẹ ìrẹsì ìdúpẹ́, ó parí. Bó bá jẹ́ ọmọ tí o bí ni kì í pè ọ́ àfi tówó iléèwé bá pé, o ò bá ti fẹjọ́ rẹ̀ sun gbogbo mọ̀lẹ́bí.

Ọjọ́rú yìí, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. A ò kọ nǹkan kan sára pátákó.