Kì í ṣe ìgbà tí báàtì bá kan bọ́ọ̀lù ni kí ọmọ yí ọrùn ọwọ́

Ẹ dé pápá tí àwọn ọmọ wa ti ń kọ́ bésíbọ́ọ̀lù, eré tí wọ́n ti ń fi igi tí à ń pè ní báàtì gbá bọ́ọ̀lù tí ẹlòmíì jù, ní Àbújá níbí, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Fún un pinpin! Yí ọwọ́! Yí ọwọ́!" Àwọn kóòṣì ń sọ ọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti ń gbá a kí wọ́n tó gbé Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Àbújá ní 2003 ń sọ ọ́. Àwọn bàbá tó wá wo ọmọ wọn náà ti há a sórí. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ojú ibi tí báàtì ti kan bọ́ọ̀lù gan-an ni agbára ti ń jáde, àti pé ẹni tó bá fún báàtì tó sì yí ọrùn ọwọ́ lójú ẹsẹ̀ yẹn ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń jìnnà.

Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí, torí báàtì kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń pín lò níbí. Ìwọ̀nba ìgbà tó máa kan ọmọ láti gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, kò yẹ ká fi kọ́ ọ ní àṣà tí yóò pẹ́ kó tó kúrò lára rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí àkókò náà ṣe kéré tó. Báàtì àti bọ́ọ̀lù kì í fara kanra ju nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Kí ìgbọ̀nrìn ìkọlù náà tó gba ara báàtì dé ọwọ́, kó sì padà síbi tí bọ́ọ̀lù wà, bọ́ọ̀lù ti fò lọ. Alan Nathan, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Illinois, ti ṣàlàyé èyí dáadáa: bí ẹ fún báàtì o, bí ẹ rọra dì í mú o, bọ́ọ̀lù kò mọ̀ ọ́n lójú ìkọlù. Ẹni tí kò bá gbà, kó wá fídíò Todd Frazier, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Cincinnati Reds ní Amẹ́ríkà, ní 2012. Báàtì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó kan bọ́ọ̀lù, ọwọ́ méjèèjì ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù náà kọjá ògiri pápá, ó di ohun tí wọ́n ń pè ní home run. (Kí ọmọ kankan má fi dánra wò o. Báàtì tó fò lè fọ́ èèyàn lórí.)

Ilẹ̀ ni agbára ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú á balẹ̀, ìbàdí á yí, àyà á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà èjìká, apá, ọwọ́. Orí báàtì ló ń kẹ́yìn dé. Ẹni tó bá ti wo àwọn ọ̀dọ́ Fúlàní níbi Shàrò, eré tí wọ́n ti ń fi ẹgba na ara wọn, á ti rí irú rẹ̀: ọwọ́ tó mú ẹgba ti ń dẹwọ́ nígbà tí ṣóńṣó ẹgba ń sáré jù lọ. Láàárín àwọn tó ń gbá a jẹun ní Amẹ́ríkà, orí báàtì ń sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 115 ní wákàtí kan. Iṣan apá nìkan kò lè gbé e débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyára láìsí ìkáwọ́ kò wúlò. Níbi tí báàtì tóbi jù, kò gbọ́dọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6.6 lọ, bọ́ọ̀lù sì jẹ́ nǹkan bíi 7.3. Ohun roboto méjì ni wọ́n ń kọlu ara wọn. Bí báàtì bá fi díẹ̀ gun òkè àárín bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ń gbà lọ. Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù dúró lórí òkìtì tó ga ní ínǹṣì 10, ilẹ̀ sì ń fa bọ́ọ̀lù mọ́ra, nítorí náà ńṣe ni bọ́ọ̀lù ń sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, ní nǹkan bíi dígírì 6 tó bá jẹ́ èyí tó yára. Orí báàtì gbọ́dọ̀ ti bọ́ sójú ọ̀nà yẹn láti ẹ̀yìn wá, kó máa gòkè díẹ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ohun tí Ted Williams, agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Boston Red Sox, fi kọ́ni nìyẹn, ẹni tó fi .406 parí sáà 1941, ìyẹn ni pé ó gbá bọ́ọ̀lù tó fi dé ibùdó ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Bí báàtì bá pẹ́ lójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù, ọmọ tó yá jù díẹ̀ tàbí tó pẹ́ jù díẹ̀ á ṣì gbá a dáadáa. Ẹni tó yí ọrùn ọwọ́ ti fúnra rẹ̀ yọ orí báàtì kúrò lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ tó ń fi ọ̀tún gbá fi máa ń yí gbirigbiri nílẹ̀ lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ ibùdó kẹta.

Mo mọ̀ pé wọ́n á dárúkọ Hank Aaron, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, fún mi. Ó gbá home run 755, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì ni gbogbo ayé ń yìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọrùn ọwọ́ lè ṣe. Ó lè ká sẹ́yìn pẹ̀lú báàtì kó sì tú síwájú. Ó sì lè yí àtẹ́lẹwọ́ dojú bolẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ló ń gbé orí báàtì yára. Bọ́ọ̀lù tó ń sáré kìlómítà 153 ní wákàtí kan ń dé láàárín nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà ẹni tí báàtì rẹ̀ yára láti tú lè dúró wo bọ́ọ̀lù pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó pinnu. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀yìn tí bọ́ọ̀lù bá ti lọ tí apá sì ti nà tán ló ń ṣẹlẹ̀. Ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ni. Òun ni tẹlifíṣọ̀n máa ń jẹ́ ká rí, òun ló sì ń ṣì wá lọ́nà.

Ní Kubwa, mo rí ọmọbìnrin kan tó fún báàtì débi pé oríkèé ìka rẹ̀ yọ gáńgán, apá rẹ̀ le gbagidi títí dé èjìká. Kò tíì gbá nǹkan kan, ó ti rẹ̀ ẹ́. A ní kó gbé ọwọ́ báàtì kúrò ní àárín àtẹ́lẹwọ́ wá sí ìka, kó dẹ̀ ẹ́, kó jẹ́ kí ìbàdí ṣáájú. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ kò jìnnà lójijì, àmọ́ ó kúrò nílẹ̀, ó gba orí ẹni tó ń jù ú kọjá.

Ẹ gbé bọ́ọ̀lù lé orí igi tí ẹ rì mọ́lẹ̀, kí ọmọ yín gbá a, kí ẹ sì fi fóònù ya á láti ẹ̀gbẹ́ ní 240 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò tiẹ̀ ní rí ìkọlù náà: nínú àwòrán kan bọ́ọ̀lù wà níbẹ̀, nínú èyí tó tẹ̀lé e ó ti lọ. Èyí tó gbẹ̀yìn kí bọ́ọ̀lù tó lọ ni kí ẹ tẹjú mọ́. Fún ẹni tó ń fi ọ̀tún gbá, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún yẹ kó kọjú sókè, ti òsì kó kọjú sílẹ̀. Bí ti ọ̀tún bá ti dojú bolẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ̀yin àti kóòṣì rẹ̀ wà.