Ìlà tó tẹ́jú nìkan kò tó láti fi mọ sípíkà tó dára

Bí àbájáde àyẹ̀wò sípíkà kékeré orí pẹpẹ bá ti jáde báyìí, gíráàfù àkọ́kọ́ ni ojú gbogbo èèyàn ń sáré lọ wò. Bí ìlà rẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á ní èyí dáa. Bí ó bá ń lọ sókè sódò, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà yẹn kò parọ́ o, àmọ́ ohun tí wọ́n ń bi í ju ohun tó mọ̀ lọ.

Ohun tó mọ̀ nìyí: wọ́n gbé máíkì kan sí ọ̀ọ́kán túwítà, ìyẹn ojú kékeré tó ń gbé ohùn òkè jáde, wọ́n fi iná 2.83 fóòtì (volt) bọ́ sípíkà, wọ́n sì ka bí ohùn ṣe le tó láti 20 Hz nísàlẹ̀ dé 20,000 Hz lókè (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ojú kan ṣoṣo ni máíkì yẹn dúró sí. Sípíkà ní tiẹ̀ ń fọ́n ohùn sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sílẹ̀ àti sẹ́yìn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà: nínú ohùn tó ń dé etí ẹni tó jókòó nínú yàrá, díẹ̀ ló gba ọ̀ọ́kán wá, ìyókù ti kọ́kọ́ lu ògiri, àjà àti ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ìlànà CTA-2034 ti Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n wọn sípíkà kan nígbà 70, kí wọ́n máa yí i ní dígírì mẹ́wàá mẹ́wàá títí yóò fi yí po ní ìbú, kí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní òòró.

Ẹ jẹ́ ká mú irú kan tó wọ́pọ̀: wúfà (ojú ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde) ínṣì 6.5, túwítà ínṣì 1, wúfà sì ń fa ohùn lé túwítà lọ́wọ́ ní 2,500 Hz. Níbẹ̀, ìgbì ohùn kan gùn tó sẹ̀ǹtímítà 13.7, ojú wúfà náà sì fẹ̀ tó bíi sẹ̀ǹtímítà 13. Bí ojú ohun tó ń dún bá ti fẹ̀ tó ìgbì tó ń gbé jáde, ohùn rẹ̀ á ká jọ bí iná tọ́ọ̀ṣì: iwájú á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ á ṣókùnkùn. Túwítà kékeré tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri. Ẹni tó ṣe sípíkà lè tún ọ̀ọ́kán ṣe títí ìlà á fi tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ní dígírì 60 lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìlà á rì ní àyíká 2,000 Hz, á sì ru sókè láàárín 3,000 sí 5,000 Hz. Ohùn ẹ̀gbẹ́ yẹn gan-an ni ògiri ń dá padà, òun ló ń mú kí ohùn akọrin máa ta èèyàn létí láìsí ohunkóhun nínú gíráàfù àkọ́kọ́ tó tọ́ka sí i. Abọ́ tí àwọn kan gbẹ́ yí túwítà ká kì í ṣe ọ̀ṣọ́: ó ń mú kí ìtànká túwítà bá ti wúfà mu níbi tí wọ́n ti pàdé.

Ti òòró tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní sẹ̀ǹtímítà 16 ló wà láàárín wúfà àti túwítà, tí ohùn méjèèjì sì ń dé pọ̀ ní ọ̀ọ́kán. Ní dígírì 25 sókè, ọ̀nà ọ̀kan á fi ìdajì ìgbì gùn ju ti èkejì lọ ní 2,500 Hz, wọ́n á sì pa ara wọn, ìlà á jìn bíi kòtò níbẹ̀. Fún ẹni tó jókòó ní mítà 2, dígírì 25 jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 93, kò sí wàhálà. Fún ẹni tó gbé sípíkà ka orí tábìlì ní sẹ̀ǹtímítà 60 síwájú ara rẹ̀, kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 28 lọ. Kó kàn nàró lórí àga ni. Ẹni tó bá sì dá sípíkà dùbúlẹ̀ kó lè wọ inú pẹpẹ ti gbé kòtò yẹn wá sọ́tùn-ún àti sósì, níbi tí àwọn èèyàn jókòó sí.

Ìlà tó tẹ́jú pàápàá, ẹ béèrè ẹni tó tẹ́ ẹ. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lápá òsì: dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó, òkè 6 dB lórí gíráàfù tó gba 100 dB kì í ga ju ìdajì bó ṣe máa ga lórí èyí tó gba 50 dB. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe dán ìlà náà tó. Bí ẹ bá rí "1/3 octave" lábẹ́ rẹ̀ (octave kan ni láti Hz kan dé ìlọ́po méjì rẹ̀), wọ́n ti fi ìpíndọ́gba bo ọ̀pọ̀ nǹkan mọ́lẹ̀. Ní 1/24, òkè tóóró kò ríbi sá sí.

Ohùn ìsàlẹ̀ ló ń tan èèyàn jù. Yàrá àyẹ̀wò tí ògiri rẹ̀ ń gbé ohùn mì kò sí lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ń wọn sípíkà nínú yàrá lásán, wọ́n á sì gé ohun tí máíkì gbà kí ìró ilẹ̀ tó dé. Bí sípíkà àti máíkì bá wà ní mítà 1 sókè ilẹ̀, tí wọ́n sì fi mítà 1 jìnnà síra, ohùn tó gba ilẹ̀ á rin mítà 2.24. Mítà 1.24 tó fi lé sí i jẹ́ 3.6 nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, àkókò tó kúrú bẹ́ẹ̀ kò sì lè fi ohunkóhun hàn wá nísàlẹ̀ bíi 280 Hz. Èyí tí ẹ rí nísàlẹ̀ ibẹ̀, ńṣe ni wọ́n rán an mọ́ ọn: wọ́n sún máíkì mọ́ ojú wúfà, ó ku bíi sẹ̀ǹtímítà kan, wọ́n wọn ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Máíkì tó sún mọ́ tó bẹ́ẹ̀ kò mọ̀ pé ohùn ìsàlẹ̀ ń yí àpótí ká lọ sẹ́yìn, ìyẹn sì lè gba tó 6 dB lára rẹ̀. Bí ẹni tó ń rán an kò bá yọ iye yẹn kúrò, òkè kan á yọ ní àyíká 100 Hz tí sípíkà náà kò ní rárá.

Àwọn kan á wá ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ká fi gíráàfù sílẹ̀ ká máa fi etí yàn. Rárá o. Lórí iṣẹ́ tí Floyd Toole bẹ̀rẹ̀ ní National Research Council ti Kánádà ni Sean Olive ti iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn Harman kọ́ ìwádìí tó tẹ̀ jáde ní 2004, lórí sípíkà 70 tí àwọn èèyàn gbọ́ láì mọ èyí tó ń dún. Gíráàfù sọ èyí tí wọ́n máa fẹ́, ó sì súnmọ́ ọn gan-an. Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò rẹ̀, ìlà ọ̀ọ́kán kò kó ju 31.5% lọ. Bí ohùn ìsàlẹ̀ ṣe jìn tó kó 30.5%, ìlà tó ń sọ bí ohùn á ṣe rí nínú yàrá sì kó 38% tó kù.

Nọ́ńbà bíi 87 dB tí wọ́n ń kọ sára páálí, tó ń sọ bí sípíkà ṣe le tó lórí iná fóòtì 2.83, ẹ bi í léèrè ọ́ọ̀mù, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná. Fóòtì 2.83 jẹ́ wáàtì 1 fún sípíkà ọ́ọ̀mù 8, ó jẹ́ wáàtì 2 fún ti ọ́ọ̀mù 4. Nítorí náà 87 ti ọ́ọ̀mù 4 jẹ́ 84 péré fún wáàtì kan.

Ẹ to ìlà ọ̀ọ́kán àti ti ẹ̀gbẹ́ lé ara wọn kí ẹ tó pinnu. Bí òkè kan bá yọ sí ojú kan náà nínú gbogbo wọn, sípíkà fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n níbẹ̀. Nígbà míì ẹ máa rí ìwúnjọ kékeré lójú kan náà lórí gíráàfù ọ́ọ̀mù. Ikualáísà, ohun tí a fi ń gbé apá kan ohùn sókè tàbí sílẹ̀, lè rẹ irú rẹ̀ sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ nìkan ni òkè náà wà, ikualáísà kò lè ràn yín lọ́wọ́: 3 dB tí ẹ bá gé ní 4,000 Hz kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀ọ́kán náà á pàdánù rẹ̀. Ẹ sún sípíkà kúrò lẹ́bàá ògiri, tàbí kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ibi tí ohùn rẹ̀ ń lù. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ mú òmíràn.