Ọjọ́ tí a fi ń rántí àwọn ọmọ ogun wa

Ó ń dùn mí pé ohun tí ọ̀pọ̀ àwa tí a ń gbé Àbújá mọ̀ nípa ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ kò ju ẹyẹlé funfun tí Ààrẹ máa ń tú sílẹ̀ ní gbàgede ìrántí, àti ọ̀nà tí wọ́n máa ń dí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kàwé yanjú tilẹ̀ sọ fún mi níbi iṣẹ́ pé ogun Biafra ló bí ìrántí náà.

Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Belú ni a ń ṣe é tẹ́lẹ̀, nítorí pé ọjọ́ náà ni ìbọn dákẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kìíní ní ọdún 1918, òun ni a sì fi ń rántí àwọn ọmọ wa tó kú lábẹ́ àsíá wọn, títí kan àwọn tí wọ́n kó lọ sí Bọ́mà nígbà ogun Hitler. Lẹ́yìn tí Philip Effiong, tó ń darí Biafra nígbà náà, túúbá fún Gowon, olórí ìjọba ológun Nàìjíríà, ní Èkó, ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1970, ni ìjọba tó gbé e síbi tó wà lónìí.

Ọjọ́ yìí kan náà, ní ọdún 1966, ni àwọn ọ̀dọ́ ọ̀gágun ya wọ ilé Ọ̀gágun Samuel Ademulegun ní Kàdúná, tí wọ́n yìnbọn pa tọkọtaya. Ta ló ń dárúkọ ìyẹn níbi ayẹyẹ náà?

Mo ń fi ìbínú ro gbogbo èyí fún ìyá Ìgbò kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Wuse, ẹni tí Yorùbá rẹ̀ já gaara nítorí pé ó pẹ́ ní Ìbàdàn. Ó ká ankara tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó fi ọwọ́ tẹ ìṣẹ́po rẹ̀, ó wá ní: “Ọmọ mi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú sógun yẹn, ìhà kejì ló sì wà. Ọjọ́ tí apá tiwa ká kò ni ẹ fi ń rántí òkú tiyín. Ọjọ́ wo ni kí n fi rántí tèmi?”

Gowon ní kò sí ẹni tó borí, kò sì sí ẹni tí wọ́n borí, ṣùgbọ́n n kò lè fi ọ̀rọ̀ yẹn dá ìyá náà lóhùn. Àwọn kan á ní ká má hú òkú ogun tó ti parí. Èmi kò gbà. Bí a bá dá ìrántí náà padà sí oṣù Belú, ọjọ́ àwọn amúnisìn la tún gbé lárugẹ. Bí a bá sì fi í sílẹ̀ ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, n kò rí bí ìyá yìí ṣe lè bá wa dúró níbẹ̀, n kò sì tíì mọ ọjọ́ mìíràn tí gbogbo wa lè jọ gbà.