Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa sanwó bàálù mi: ìgbà wo ni kí n lọ sí Trinidad?

Aránṣọ Lágéré: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Àbúrò mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Port of Spain ní òun máa sanwó bàálù mi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní kí n mú ọ̀kan: kánífà wọn, tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ Ajé àti Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú, eré ìje ewúrẹ́ ní Tobago, erékùṣù kejì wọn, lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, tàbí ọjọ́ ìdásílẹ̀ ẹrú, ọjọ́ kìíní oṣù Ògọ́sìtì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ọlọ́fin: Ewúrẹ́ kẹ̀? Níbí, ewúrẹ́ tó bá ń sáré, ọ̀bẹ ló rí. Kánífà ni, Àǹtí. Gbogbo ayé ló ń lọ síbẹ̀.

Ọ̀sómàáló Òkèésà: Àǹtí, ẹ má dá a lóhùn. Mo ti lọ. Ẹgbẹ́ oníjó kánífà kan tí n kò ní dárúkọ gba owó aṣọ ijó lọ́wọ́ mi ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Ọjọ́ tí mo lọ gbà á, ìyẹ́ orí rẹ̀ ti ń já, bàtà ò sí níbẹ̀ rárá. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, mo bá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà wọn bíi bàbá ńlá mi nídìí gbèsè. Wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀, n kò san kọ́bọ̀ lé e. Láti Janúárì ni àwọn tó ń lu páànù ti máa ń kóra jọ lálaalẹ́ sí àgbàlá wọn, wọ́n ń múra fún Panorama, ìdíje tó ti wà láti 1963. Ẹ kàn máa wọlé ni, kẹ́ ẹ jókòó. Àgbá epo ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi òòlù lu ojú rẹ̀ títí yóò fi wọnú bí abọ́, wọ́n á tún máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí ibì kọ̀ọ̀kan tó ní ohùn tirẹ̀. Mo rí ọmọkùnrin kan láàárín odidi àgbá mẹ́fà. Bó ṣe ń lu tiwájú ló ń yí bìrí lu tẹ̀yìn, òógùn bo ojú rẹ̀, kò sì wo ọwọ́. Ẹgbẹ́ ńlá lè ní èèyàn 120, tìtorí orin kan tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ!

Bàbá Onílù Ìlódè: Ọmọ mi, o kú ojú lọ́nà. Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe dé ìdí àgbá? Ní àwọn ọdún 1880, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de ìlù aláwọ. Ni wọ́n bá gé ọparun, wọ́n ń gún un mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ń lu agolo, kó tó wá kan àgbá. Ẹ gba gángan lọ́wọ́ àyàn, tábìlì ló máa lù.

Ní tèmi, Ògọ́sìtì ni. Láti 1985 ni ìjọba wọn ti sọ ọ́ di ọjọ́ ìsinmi. Ọba Síjúwadé fúnra wọn dé erékùṣù náà ní 1988. Wọ́n ń bọ Ògún, wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun, wọ́n ń kọrin Yorùbá, òfin sì ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó onísẹ̀ṣe láti 1999.

Ọmọ Ọlọ́fin: Ẹ ṣé, Bàbá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ògún la fẹ́ wò, ṣebí Ọlọ́jọ́ wà nílé? Ṣé Àǹtí ti lọ sí Òkè Mògún lọ́dún tó kọjá? Ìgbà wo ni wọ́n ti fojú kan adé Àrè gbẹ̀yìn?

Bàbá Onílù Ìlódè: Ẹni tó lọ kí ọmọ àbúrò rẹ̀ nílé ọkọ, ṣé tiẹ̀ ò sí nílé ni?

Ìyá Ìbejì Parakin: Ẹ jẹ́ n gbèjà ewúrẹ́ o. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ lórí omi, òun ló mú mi dé Buccoo, ní Tobago níbi tí wọ́n ti ń sá eré náà. Láti 1925 ni wọ́n ti ń ṣe é. Èèyàn kì í gun ewúrẹ́ o. Yóò di okùn rẹ̀ mú, yóò máa sá tẹ̀lé e. Lọ́jọ́ tá a lọ, èyí tó ṣíwájú rí koríko, ó dúró bámú. Ẹni tó dì í mú kọjá lára rẹ̀, ó ṣubú lulẹ̀ gbì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Wọ́n tún ń fi akàn sáré! Ọmọ Ọlọ́fin, ìwọ tó o fẹ́ràn Man U, Tobago ni Dwight Yorke tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn ti wá. Pápá tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ wà ní Bacolet.

Ọmọ Ọlọ́fin: Yorke! Màmá, ẹ ti bà mí níbi tó dùn mí.

Aránṣọ Lágéré: Ẹ ṣé gan-an ni. Janúárì ni mò ń lọ. Tí ọdún tuntun bá ti kọjá, ta ló ń ránṣọ? Ìjókòó lásán ni ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyẹ́ ò kàn mí, kí n ṣáà ti jókòó ti àgbá yẹn lálẹ́ mélòó kan. Bàbá, mo gbọ́ tiyín náà. Téèpù ń bá mi lọ: màá wọn àwọn ọ̀rẹ́ àbúrò mi sílẹ̀, màá wá rán àdìrẹ wọn níbí, kó tó di Ògọ́sìtì.

Ọ̀sómàáló Òkèésà: Àǹtí, ẹ gbowó kẹ́ ẹ tó gé aṣọ o. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn jù fún ìlóṣòó.